Kọ́ìnì kì í rántí, káàdì a máa rántí: bí ẹ ṣe lè ṣírò ìṣeéṣe fúnra yín

Ẹ wá kọ́ìnì méjì, ọ̀kan tó ń dán àti ọ̀kan tó ti ṣá, kí ẹ lè dá wọn mọ̀. Ẹ wá ìdì káàdì kan, ìwé àti bírò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kàn ka ohun tí mo kọ yìí lásán. Ẹ máa ṣe é bí ẹ ṣe ń kà á, nítorí nínú ìṣirò yìí, ọwọ́ ló kọ́kọ́ máa ń mọ nǹkan kí orí tó mọ̀ ọ́n.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ó má kúrò lọ́kàn yín láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kí ẹ tó ṣírò ohunkóhun, ẹ bi ara yín pé: "Ǹjẹ́ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ti yí ohun tó kù padà?" Tí a bá ju kọ́ìnì sókè, kò sí ohun tó yí padà, ojú rẹ̀ méjèèjì ṣì wà níbẹ̀. Tí a bá fa káàdì kan yọ tí a kò dá a padà, ìdì náà ti dín kù. Ọ̀pọ̀ àṣìṣe tí mo ti rí, tí èmi náà ti ṣe rí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wá: a fi ìwà káàdì wọ kọ́ìnì, tàbí a fi ìwà kọ́ìnì wọ káàdì.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mọ ohun tó wà lọ́wọ́ yín

Ìdì káàdì pípé jẹ́ 52. Ẹ yọ àwọn jókà kúrò, kí ẹ sì ka ìyókù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ kà á lóòótọ́ o. Bí ẹyọ kan bá ti sọnù, gbogbo ìdá tí a máa kọ sílẹ̀ ló máa yẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ pín in sí ọ̀nà mẹ́rin gẹ́gẹ́ bí àmì ara wọn: ọkàn (♥) àti dáyámọ́ǹdì (♦), tó jẹ́ pupa, sípéèdì (♠) àti kúlọ́ọ̀bù (♣), tó jẹ́ dúdú. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní káàdì 13: Éèsì, 2 títí dé 10, Jáàkì, Ayaba àti Ọba. Nítorí náà, Éèsì jẹ́ 4, Ọba jẹ́ 4, káàdì pupa jẹ́ 26, àwọn tó ní àwòrán ènìyàn (Jáàkì, Ayaba, Ọba) sì jẹ́ 12.

Ojú méjì ni kọ́ìnì ní. A ó máa pe èyí tó ní àwòrán orí ènìyàn ní orí, a ó sì máa pe òdìkejì rẹ̀ ní ìrù. Nínú ìwé wa, O dúró fún orí, Ì dúró fún ìrù.

Ẹ po káàdì náà pọ̀ dáadáa. Bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń ṣe é ni pé wọ́n á pín in sí méjì, wọ́n á fi àtàǹpàkò tú apá méjèèjì sínú ara wọn fẹ̀rẹ̀rẹ̀. Ní 1992, àwọn onímọ̀ ìṣirò méjì, Dave Bayer àti Persi Diaconis, fi ìṣirò hàn pé bí ìgbà méje ni irú ìpòpọ̀ yìí gbọ́dọ̀ wáyé kí ètò tí káàdì 52 wà tẹ́lẹ̀ tó lè pòórá dáadáa. Ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta tí a sábà máa ń ṣe kò tó rárá. Àwọn káàdì tó jọ wà pọ̀ tẹ́lẹ̀ ṣì máa ń tẹ̀lé ara wọn.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ ka èyí tí ẹ fẹ́, ẹ ka gbogbo rẹ̀

Ìdá ni ìṣeéṣe. Iye ọ̀nà tí ohun tí a fẹ́ lè gbà ṣẹlẹ̀ ló máa wà lókè. Iye gbogbo ohun tó lè ṣẹlẹ̀ ló máa wà nísàlẹ̀. 0 túmọ̀ sí pé kò lè ṣẹlẹ̀ láé, 1 túmọ̀ sí pé dandan ni. Bí èsì yín bá ju 1 lọ tàbí tó kéré sí 0, ẹ ti ṣìnà, ẹ padà sẹ́yìn.

Kí kọ́ìnì kan já sí orí: 1/2. Kí káàdì tí a fà jẹ́ Éèsì: 4/52, ìyẹn 1/13. Kí ó jẹ́ ọkàn: 13/52, ìyẹn 1/4. Kí ó ní àwòrán ènìyàn: 12/52, ìyẹn 3/13.

Ó rọrùn, àmọ́ òfin kan wà nídìí rẹ̀ tí a kì í sábà sọ síta: gbogbo ohun tí a kà sí ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ ní agbára kan náà láti ṣẹlẹ̀. Òjò lè rọ̀ lọ́la, ó sì lè má rọ̀. Nǹkan méjì nìyẹn, síbẹ̀ kò sọ ìṣeéṣe òjò di 1/2. Bákan náà, káàdì tí a fà lè jẹ́ Éèsì tàbí kó má jẹ́ Éèsì, ṣùgbọ́n apá kan ní káàdì 4, èkejì ní 48.

Ìgbésẹ̀ 3: Kọ́ìnì méjì, níbi tí ọ̀mọ̀wé ńlá ti ṣìnà

Ẹ ju kọ́ìnì méjèèjì. Kí ni ìṣeéṣe pé a máa rí orí, ó kéré tán ẹyọ kan?

Ní 1754, Jean d'Alembert, ọ̀kan lára àwọn onímọ̀ ìṣirò tó gbajúmọ̀ jù ní ilẹ̀ Faransé nígbà ayé rẹ̀, kọ ìdáhùn tirẹ̀ sínú ìwé ìmọ̀ ńlá tí òun àti òǹkọ̀wé Denis Diderot jọ ń ṣe olóòtú rẹ̀. Ó ní bí orí bá yọ ní jíjù àkọ́kọ́, ó ti parí, kò sídìí láti ju èkejì. Bí kò bá yọ, ó kù kí ìrù tẹ̀ lé ìrù tàbí kí orí tẹ̀ lé ìrù. Ọ̀nà mẹ́ta nìyẹn, méjì nínú rẹ̀ ní orí, nítorí náà 2/3 ni.

Ẹ tún un kà. Ó mọ́gbọ́n dání létí, èyí ló sì fi yẹ kí a dúró tì í díẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta tó kà kò wúwo bákan náà. "Orí yọ ní àkọ́kọ́" nìkan ti gba ìdajì gbogbo rẹ̀. Ìdajì tó kù ni àwọn méjì yòókù pín láàárín ara wọn.

Ìdí nìyí tí mo fi ní kí kọ́ìnì kan máa dán kí èkejì ṣá. Ẹ kọ èyí tó ń dán ṣáájú, kí ẹ kọ èyí tó ti ṣá tẹ̀ lé e:

OO
OÌ
ÌO
ÌÌ

Ọ̀nà mẹ́rin ni, wọ́n sì dọ́gba. Mẹ́ta nínú wọn ní orí, nítorí náà 3/4 ni ìdáhùn. Àwọn tó máa ń sọ pé "orí kan, ìrù kan" jẹ́ ẹyọ ohun kan ń da OÌ àti ÌO pọ̀. Tí kọ́ìnì méjèèjì bá jọra bí ìbejì, ojú lè tàn wá. Ṣùgbọ́n bí a kò tilẹ̀ dá wọn mọ̀, àwọn fúnra wọn ṣì jẹ́ méjì.

Ẹ ṣe é wò. Ẹ kọ ọ̀nà mẹ́rin yẹn sínú ìwé, ẹ ju kọ́ìnì méjèèjì ní ìgbà 40, kí ẹ sì máa fa ìlà kan síwájú èyí tó bá yọ. Ẹ retí nǹkan bíi 10 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó lè jẹ́ 7, ó lè jẹ́ 13, ẹ má jẹ́ kó dààmú yín. Ẹ fi ìwé náà pamọ́, a máa tún lò ó.

Ìgbésẹ̀ 4: "Tàbí"

Bí nǹkan méjì kò bá lè ṣẹlẹ̀ pọ̀, ẹ ro ìdá wọn pọ̀. Ọba tàbí Ayaba: 4/52 + 4/52 = 8/52. Bí wọ́n bá lè ṣẹlẹ̀ pọ̀, ẹ yọ ohun tí ẹ kà lẹ́ẹ̀mejì kúrò. Ọba tàbí ọkàn: Ọba 4, ọkàn 13, ṣùgbọ́n Ọba ọkàn wà nínú méjèèjì. 4 + 13 − 1 = 16, nítorí náà 16/52. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìgbésẹ̀ 5: "Àti", nígbà tí ohun kan kò mọ̀ nípa èkejì

Orí ní àkọ́kọ́ àti orí ní ẹ̀ẹ̀kejì: 1/2 × 1/2 = 1/4. Ẹ wo ọ̀nà mẹ́rin tí ẹ kọ, OO jẹ́ ẹyọ kan nínú mẹ́rin lóòótọ́. Ìdí tí a fi ń sọ ọ́ di púpọ̀ ni pé ìdajì àwọn jíjù ni orí àkọ́kọ́ ti máa yọ, ìdajì nínú ìdajì yẹn ni orí kejì sì máa tẹ̀ lé e. Orí mẹ́wàá léraléra: ẹ sọ 1/2 di púpọ̀ ní ìgbà mẹ́wàá, ẹ máa rí 1/1,024.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń kó sí kòtò. Kí á ní kọ́ìnì ti já sí orí ní ìgbà mẹ́sàn-án tẹ̀ léra, ẹ̀ẹ̀kẹwàá ló kù báyìí. Kí ni ìṣeéṣe pé orí tún máa yọ? Ẹlòmíràn á ní 1/1,024. Ẹlòmíràn á ní ìrù "ti tó àkókò." 1/2 ni. Ìbéèrè tó ní ìdáhùn 1/1,024 ni èyí tí a béèrè kí a tó ju kọ́ìnì rárá, nígbà tí gbogbo mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ṣì wà níwájú. Lẹ́yìn tí mẹ́sàn-án ti ṣẹlẹ̀, a ti san owó gbogbo ọ̀nà yẹn tán. Ẹyọ kan ló kù, ojú méjì sì ni ó ní. Irin ni kọ́ìnì. Kò níbi tó lè kọ ohun tó ṣe lánàá sí.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹjọ 1913, ní ilé tẹ́tẹ́ Monte Carlo, bọ́ọ̀lù orí rúlẹ́ẹ̀tì (kẹ̀kẹ́ tẹ́tẹ́ tó ń yí, tó ní ojú pupa àti ojú dúdú) já sí dúdú ní ìgbà 26 tẹ̀ léra. Bí dúdú ṣe ń yọ ni àwọn ènìyàn ń rọ́ owó sórí pupa, wọ́n sì ń fi kún un, torí wọ́n gbà pé pupa kò lè ṣàì yọ. Ọ̀pọ̀ owó ló ṣòfò lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Bọ́ọ̀lù náà kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè pupa kankan.

Ìgbésẹ̀ 6: Káàdì a máa rántí

Ẹ gbé ìdì káàdì tí ẹ ti pò sórí tábìlì, kí ojú rẹ̀ dà délẹ̀. Ẹ fa èyí tó wà lókè pátápátá, ẹ ṣí i wò. Kí á ní Éèsì ♠ ni. Ẹ fi sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ wá wo ìdì tó kù: káàdì 51, Éèsì 3. Ìṣeéṣe pé èyí tó kàn náà jẹ́ Éèsì ti di 3/51. Bí àkọ́kọ́ bá jẹ́ 7 ♦ ni, yóò jẹ́ 4/51. Ìdì náà ti rántí ohun tí a mú nínú rẹ̀.

Nítorí náà, Éèsì méjì léraléra jẹ́ 4/52 × 3/51 = 12/2,652, ìyẹn ìdá 1 nínú 221. Bí a bá dá àkọ́kọ́ padà tí a sì tún un pò, yóò jẹ́ 4/52 × 4/52, ìdá 1 nínú 169. Dídá káàdì padà ló sọ ọ́ di kọ́ìnì.

Ìdánwò tó tẹ̀ lé èyí wù mí ju gbogbo ohun tó wà nínú iṣẹ́ yìí lọ. Ẹ tún gbogbo 52 pò. Ẹ fa káàdì òkè, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí ẹ má wo ojú rẹ̀. Ẹ dà á délẹ̀ sí apá kan. Kí ni ìṣeéṣe pé èyí tó tẹ̀ lé e jẹ́ Éèsì? Káàdì 51 ló kù, àbí? Ó ń ṣe wá bíi pé kí a kọ 51 sísàlẹ̀. Àmọ́ kí ni a máa kọ sókè, 3 tàbí 4? A kò mọ̀. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò méjèèjì, kí a sì rò wọ́n pọ̀:

Éèsì, lẹ́yìn náà Éèsì: 4/52 × 3/51 = 12/2,652
Òmíràn, lẹ́yìn náà Éèsì: 48/52 × 4/51 = 192/2,652
Àròpọ̀: 204/2,652 = 1/13

1/13! Iye tó jẹ́ fún káàdì àkọ́kọ́ gan-an. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ fi káàdì ogún sẹ́gbẹ̀ẹ́ láìwo ojú wọn, ìkọkànlélógún ṣì jẹ́ 1/13. Ìdì náà rántí lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò tíì sọ fún wa. Ohun tí a mọ̀ ló ń yí ìṣeéṣe padà. Káàdì tó kúrò nílẹ̀ láìjẹ́ pé a rí i kò fún wa ní ìròyìn kankan.

Ọgbọ́n kékeré kan kí a tó kọjá. Kí ni ìṣeéṣe pé káàdì méjì tí ẹ fà máa bára mu, bíi 8 àti 8, tàbí Ọba àti Ọba? Ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò ti àkọ́kọ́, ohunkóhun tó bá jẹ́ ló dára. Èkejì nìkan ló ní iṣẹ́ láti ṣe: mẹ́ta ló bá a mu nínú 51. 3/51 = 1/17.

Ìgbésẹ̀ 7: "Ó kéré tán ẹyọ kan"

Nígbàkúùgbà tí ẹ bá rí gbólóhùn yìí nínú ìbéèrè, ẹ yí i padà, kí ẹ ṣírò "kò sí ìkankan", kí ẹ wá yọ ọ́ kúrò nínú 1. Kọ́ìnì mẹ́ta, orí kan ó kéré tán: kí gbogbo wọn jẹ́ ìrù jẹ́ 1/8, nítorí náà 7/8.

Ti káàdì: ẹ fa márùn-ún. Kí ni ìṣeéṣe pé Éèsì kan, ó kéré tán, wà nínú wọn? Ọ̀nà tó wu ojú ni kí a ní 1/13 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, káàdì márùn-ún, nítorí náà 5/13, bíi ìdá 38 nínú 100. Ẹ fi káàdì 14 dán irú ìrònú yẹn wò: 14/13, ó ti ju 1 lọ! Ohun tó fà á ni pé ọwọ́ (ìyẹn àwọn káàdì tí a fà) tó ní Éèsì méjì ti di kíkà lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀nà tó tọ́ nìyí:

48/52 × 47/51 × 46/50 × 45/49 × 44/48 ≈ 0.659

Ìyẹn ni pé kò ní sí Éèsì kankan. 1 − 0.659 = 0.341, ìdá 34 nínú 100. Ẹ kíyè sí bí iye òkè àti iye ìsàlẹ̀ ṣe ń fi ẹyọ kọ̀ọ̀kan dín kù lẹ́sẹẹsẹ. Ìrántí káàdì lẹ ń wò yẹn.

Ìgbésẹ̀ 8: Nígbà tí ètò kò já mọ́ nǹkan

Ọwọ́ káàdì márùn-ún mélòó ló wà? Bí a bá ka ètò tí a fi fà wọ́n: 52 × 51 × 50 × 49 × 48 = 311,875,200. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí káàdì bá ti dé ọwọ́, ta ló ń béèrè èyí tó kọ́kọ́ dé? Káàdì márùn-ún kan náà lè tò ní ọ̀nà 5 × 4 × 3 × 2 × 1 = 120. Ẹ fi 120 pín in: 2,598,960.

Ìpín kan náà ṣiṣẹ́ fún kọ́ìnì. Nínú jíjù mẹ́wàá, ọ̀nà mélòó ni orí fi lè jẹ́ márùn-ún gééré? A ń yan ipò márùn-ún fún orí nínú mẹ́wàá: 10 × 9 × 8 × 7 × 6 = 30,240; ẹ fi 120 pín in, 252. Gbogbo ọ̀nà jẹ́ 1,024. 252/1,024 jẹ́ bíi ìdá 25 nínú 100. Èyí máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu. Ẹni tó bá retí pé jíjù mẹ́wàá gbọ́dọ̀ mú márùn-ún àti márùn-ún wá máa ṣìnà ní bíi ẹ̀ẹ̀mẹta nínú mẹ́rin.

Ẹ fi èyí dánra wò: kí káàdì márùn-ún ní àmì kan náà. Ẹ rántí pé àkọ́kọ́ lè jẹ́ ohunkóhun. 12/51 × 11/50 × 10/49 × 9/48, bíi ìdá 1 nínú 505.

Ìgbésẹ̀ 9: Kí ló wá ń fa ìdọ́gba?

Bí kọ́ìnì kì í bá rántí, báwo ló ṣe ń súnmọ́ ìdajì bí a ṣe ń jù ú lọ? Àwọn kan ti fi sùúrù wò ó. Ọ̀gbẹ́ni Buffon ti ilẹ̀ Faransé ní àkọsílẹ̀ jíjù 4,040, orí jẹ́ 2,048. Karl Pearson, onímọ̀ ìṣirò ará Gẹ̀ẹ́sì, ju tirẹ̀ ní ìgbà 24,000, orí jẹ́ 12,012. John Kerrich, onímọ̀ ìṣirò tó wà ní àhámọ́ ní Denmark nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ju kọ́ìnì ní ìgbà 10,000. Orí jẹ́ 5,067.

Ẹ wo ti Kerrich. Orí 67 ló fi ju ìdajì lọ. Kò sí ohun tó wá gba 67 yẹn padà. Ká ní ẹ ju kọ́ìnì mẹ́wàá, orí jẹ́ 7: ìdá 70 nínú 100. Ẹ tún ju 1,000 sí i, kí ó pín sí 500 àti 500 gééré. Orí ti di 507 nínú 1,010, bíi ìdá 50.2 nínú 100. Orí méjì tó lé níbẹ̀rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ digbí, ọ̀pọ̀ jíjù tuntun ló bò ó mọ́lẹ̀.

Ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ fi kún un kí n má baà parọ́ fún yín. Kọ́ìnì kì í rántí jíjù àná, ṣùgbọ́n ojú tó wà lókè kí a tó jù ú ní ipa díẹ̀. Ní 2023, František Bartoš àti ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àkọsílẹ̀ jíjù 350,757 jáde: ojú tó wà lókè níbẹ̀rẹ̀ náà ló padà wà lókè ní ìdá 50.8 nínú 100. Bí ẹ bá fẹ́ kí ó dọ́gba pátápátá, ẹ gbọn kọ́ìnì náà láàárín àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, kí ẹ sì jù ú láìwo èyí tó wà lókè.

Ìgbésẹ̀ 10: Nígbà tí ìròyìn bá dé

Ẹnì kan fa káàdì kan, ó wò ó, ó ní àwòrán ènìyàn wà lára rẹ̀. Kí ni ìṣeéṣe pé Ọba ni? Iye ìsàlẹ̀ kì í ṣe 52 mọ́. Ó ti di 12. 4/12 = 1/3. Gbogbo iṣẹ́ tí ìròyìn ń ṣe kò ju pé ó pa àwọn ohun tí kò ṣeé ṣe mọ́ rẹ́ kúrò nínú àkọsílẹ̀.

Ẹ padà sórí kọ́ìnì méjì. Ẹlòmíràn jù wọ́n síbi tí ẹ kò ti lè rí i. Ẹ bi í pé, "Ǹjẹ́ orí kankan wà níbẹ̀?" Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Kí ni ìṣeéṣe pé méjèèjì jẹ́ orí? Ọ̀pọ̀ á ní 1/2. Ẹ mú ìwé ìgbésẹ̀ kẹta jáde, ẹ fa bírò lé ÌÌ. Ó ku OO, OÌ, ÌO. 1/3 ni. Ká ní ìbéèrè yín ni, "Ǹjẹ́ èyí tó ń dán jẹ́ orí?", tó sì ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ máa pa ÌO àti ÌÌ rẹ́. Ó ku OO àti OÌ, ó sì di 1/2.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ò ní gbà. Ẹ wo àwọn ìlà 40 tí ẹ fà. Ẹ gbójú kúrò lára ti ÌÌ, ẹ ka ìlà tó kù, ó yẹ kí wọ́n tó bí 30. Ẹ wá ka mélòó nínú wọn ló jẹ́ OO.